Ìkéde Ìjọba àti Ìpolówó Oògùn Nínú Ìwé Ìròyìn Ayé Àtijọ́: Ẹ̀kọ́ Tó Wà Níbẹ̀ fún Ìlera Aráàlú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tó ń ta iṣu, fún ẹni tó ń ta aṣọ àti fún ẹni tó ń ta ìkòkò. Bí iṣu náà kò bá dára tó bí ẹni tó tà á ti wí, ìyà tó wà níbẹ̀ kò ju kí ará ilé jẹ iyán tó ní kókó lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ oògùn ni wọ́n polówó rẹ̀, tí oògùn náà kò sì ṣe ohun tí wọ́n ní yóò ṣe, ẹ̀mí ènìyàn lè bá a lọ.

Ní ìlú Àbújá, tí í ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ohùn àwọn tó ń polówó oògùn kì í dákẹ́. Àwọn èrò ń gbọ́ wọn nínú ọkọ̀ tó ń ti Nyanya lọ sí Wuse, àwọn olùrajà ń gbọ́ ohùn wọn láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ẹnu ọjà, àwọn mìíràn sì ń ka ọ̀rọ̀ wọn lórí fóònù. Ní ìlú kan náà, ní agbègbè Wuse, ni olú iléeṣẹ́ Àjọ NAFDAC wà, ìyẹn àjọ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti máa ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn. Àjọ yìí pẹ̀lú ń ṣe ìkéde tirẹ̀: pé kí aráàlú ṣọ́ra fún oògùn kan, pé wọ́n ti kó òmíràn kúrò lórí àtẹ. Ohùn méjì ni aráàlú ń gbọ́, ohùn ìjọba àti ohùn ọlọ́jà, ó sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò tẹ̀lé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgbà tí rédíò àti íntánẹ́ẹ̀tì dé ni wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn méjèèjì ti jọ wà lójú ewé ìwé ìròyìn kan náà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ènìyàn ìgbà náà ṣe kà wọ́n, àti ohun tó wà nínú àwọn ìgò oògùn tí wọ́n polówó, yóò rí ẹ̀kọ́ tó wúlò kọ́ lónìí.

ÀWỌN ÌWÉ ÌRÒYÌN ÀKỌ́KỌ́

Ní ìlú Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, ìwé ìròyìn kan bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1817 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Royal Gazette and Sierra Leone Advertiser. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ tó wà fún. Apá kìíní orúkọ náà túmọ̀ sí ìwé ìkéde ọba, apá kejì sì túmọ̀ sí olùpolówó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti so àṣẹ ìjọba àti ọ̀rọ̀ ọlọ́jà pọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ló ṣíwájú. Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, ló dá a sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, ó sì parẹ́ ní ọdún 1867 nígbà tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú náà. Ní Èkó, Robert Campbell, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Anglo-African ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1863. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Richard Beale Blaize dá Lagos Times and Gold Coast Colony Advertiser sílẹ̀ ní ọdún 1880. Lagos Observer tẹ̀ lé e ní ọdún 1882. Ní ọdún 1891 ni Lagos Weekly Record ti John Payne Jackson bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó mọ̀wé kà ní Èkó nígbà náà kò pọ̀. Owó tí àwọn olùrà ń san lórí ìwé kọ̀ọ̀kan kò tó láti ra bébà, láti ra tàdáwà àti láti san owó iṣẹ́ fún àwọn atẹ̀wé. Nítorí náà, owó ìpolówó ló ń ran irú àwọn ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti dúró. Àwọn oníṣòwò tó ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun ń polówó aṣọ, ọtí, bàtà, ìyẹ̀fun àti oògùn. Ìwé ìròyìn tó bá ń bú ìjọba ní ojú ewé kejì lè máa tẹ ìkéde ìjọba àti ìpolówó oògùn ní ojú ewé kẹrin.

BÍ ÌKÉDE ÌJỌBA ṢE MÁA Ń RÍ

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni òfin ti ń tẹ̀ lé òfin. Ní ọdún 1863 ni òfin jáde pé kí wọ́n máa fi orúkọ ẹni tí wọ́n bí àti ẹni tó kú sílẹ̀ ní erékùṣù Èkó. Òfin yìí ṣe pàtàkì gan-an fún ètò ìlera, nítorí pé ìjọba tí kò bá mọ iye ẹni tó kú àti ohun tó pa wọ́n kò lè mọ àrùn tó yẹ kí ó dojú kọ.

Ṣùgbọ́n ìkéde ìjọba ní àbùkù mẹ́ta. Èkíní ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ní ìlú tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ènìyàn rẹ̀ ń sọ Yorùbá. Èkejì ni pé ó máa ń pàṣẹ láì ṣàlàyé. Ó ń sọ fún onílé pé kí ó ṣe báyìí, ó ń sọ iye owó ìtanràn tí yóò san bí kò bá ṣe é, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kò ṣèlérí kankan. Kò sọ fún aláìsàn pé ara rẹ̀ yóò yá. Ẹni tí ara ń ro kì í fẹ́ gbọ́ àṣẹ, ìrètí ló fẹ́ gbọ́. Àlàfo tí ìkéde ìjọba fi sílẹ̀ yìí ni ìpolówó oògùn gbà wọlé.

BÍ ÌPOLÓWÓ OÒGÙN ṢE MÁA Ń RÍ

Ìpolówó oògùn kì í pàṣẹ, ńṣe ló ń bẹ̀bẹ̀, tó ń tù ènìyàn nínú, tó sì ń ṣèlérí. Ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ yìí jù ní àkókò náà ni Thomas Holloway, ará Lọ́ńdọ̀nù, tó bẹ̀rẹ̀ sí ta ìpara ní ọdún 1837, tó sì fi oògùn oníhóró kún un lẹ́yìn náà. Ó fi ìpolówó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ òkun Gẹ̀ẹ́sì ń dé, títí kan àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Nígbà tó fi máa kú ní ọdún 1883, owó tó ń ná lórí ìpolówó lọ́dún kan tó nǹkan bí 50,000 pọ́ùn. Èrè tó jẹ níbẹ̀ pọ̀ débi pé ó fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn obìnrin nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí Ọbabìnrin Victoria ṣí ní ọdún 1886, tó sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ di òní.

Thomas Beecham pẹ̀lú ń ta oògùn oníhóró tirẹ̀, tó ní páálí kan rẹ̀ tó gínì kan ní iyì. Dókítà John Collis Browne, tó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Íńdíà, ló ṣe oògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní Chlorodyne, tí wọ́n polówó fún ikọ́, ìgbẹ́ gbuuru, àìróorunsùn àti àrùn onígbáméjì.

Bí ènìyàn bá kó irú àwọn ìpolówó bẹ́ẹ̀ jọ, yóò rí i pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà sọ̀rọ̀. Wọ́n á to orúkọ àìsàn jọ láti orí dé ẹsẹ̀, láti orí fífọ́ dé inú rírun, láti orí ibà dé orí egbò tí kò jinná. Wọ́n á ní gbogbo àìsàn wọ̀nyí ti inú ẹ̀jẹ̀ tí kò mọ́ wá, nítorí náà oògùn kan ṣoṣo tó lè fọ ẹ̀jẹ̀ ti tó fún gbogbo wọn. Wọ́n á mú lẹ́tà ẹni tó ti lò ó rí wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ní ìparí, wọ́n á kìlọ̀ pé kí olùrà ṣọ́ra fún ayédèrú. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí gba àfiyèsí: ẹni tó ń ta gbogbonìṣe fúnra rẹ̀ ló ń kìlọ̀ nípa àwọn ẹlẹ́tàn.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ ÌGÒ?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí òfin tó fi dandan lé e pé kí ẹni tó ń ta oògùn sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1909 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Secret Remedies, ìyẹn àwọn oògùn àṣírí. Wọ́n ti gbé àwọn oògùn tí ìpolówó wọn gbòde lọ sí yàrá àyẹ̀wò, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá nínú wọn sílẹ̀.

Àyẹ̀wò náà fi hàn pé oògùn Beecham kò ju aloe, ata-ilẹ̀ àti ọṣẹ lọ. Oògùn tó ń mú ènìyàn yàgbẹ́ ni aloe. Páálí tó ní hóró 56 nínú, tí wọ́n ń tà ní ṣílè kan àti kọ́bọ̀ kan ààbọ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe é kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ kọ́bọ̀ kan lọ. Ìyẹn ni pé owó tí olùrà san fi ìlọ́po tó lé ní ọgọ́rùn-ún ju iye ohun tó wà nínú páálí lọ. Ìpolówó ló jẹ lára ìyókù, èrè sì kó èyí tó ṣẹ́kù.

Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ata-ilẹ̀ àti ọṣẹ, owó nìkan ni aráàlú ì bá pàdánù. Ṣùgbọ́n àwọn kan léwu. Nínú Chlorodyne ni opium, chloroform àti ohun tí wọ́n fún jáde láti ara igbó wà. Ó ń dá ìgbẹ́ dúró lóòótọ́, ó sì ń mú ìrora rọlẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ opium nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ń di bárakú fún ẹni tó ń lò ó, àwọn mìíràn sì ti tipasẹ̀ rẹ̀ kú.

Èyí tó burú jù ni èyí tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ọwọ́. Ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí ọdún 1849, wọ́n ń ta oògùn olómi dídùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mrs Winslow's Soothing Syrup fún ọmọ tó ń hu eyín. Ìyá tó bá fún ọmọ rẹ̀ yóò rí i pé ẹkún rẹ̀ dákẹ́, oorun sì gbé e lọ. Morphine, tí í ṣe ọmọ opium, ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ kan sùn, wọn kò jí mọ́.

NÍGBÀ TÍ ÌPOLÓWÓ WỌ ẸWÙ ÌJỌBA

Ohun tó jẹ́ kí ìpolówó ìgbà náà lágbára ju bó ti yẹ lọ ni pé ó mọ bí a ti ń yá ohùn ìjọba lò. Àpẹẹrẹ méjì yóò jẹ́ kí èyí yéni.

Ní ọdún 1864, ọ̀rọ̀ kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, The Lancet, pé aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Manila ti kọ̀wé pé onígbáméjì ń jà níbẹ̀, pé Chlorodyne sì ni oògùn kan ṣoṣo tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Earl Russell, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ló fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn. Ìròyìn aṣojú kan láti ìlú kan ni, kì í ṣe àyẹ̀wò ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tó ń ta Chlorodyne fi í sínú ìpolówó wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ̀lú orúkọ mínísítà náà. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí oògùn náà. Lónìí, ohun tí àwọn dókítà mọ̀ ni pé omi tí ara ń pàdánù ló ń pa ẹni tó ní onígbáméjì. Omi tí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà sí ní ìwọ̀n tó yẹ, tàbí omi tí wọ́n fà sí i lára ní ilé ìwòsàn, ló ń gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Àpẹẹrẹ kejì ni òǹtẹ̀ ìjọba. Láti ọdún 1783 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba owó orí lórí àwọn oògùn aládàáni, wọ́n sì ń lẹ bébà tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀ mọ́ ìgò àti páálí láti fi hàn pé wọ́n ti san owó náà. Rìsíìtì owó orí lásán ni. Kò sí ẹni tó yẹ oògùn náà wò. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ń sọ fún olùrà pé èyí tí kò bá ní òǹtẹ̀ ìjọba kì í ṣe ojúlówó, olùrà sì ń gbà pé ìjọba ló ń jẹ́rìí sí iṣẹ́ oògùn náà. Ọdún 1941 ni òfin tuntun fòpin sí owó orí yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa kọ ohun tó wà nínú oògùn sára páálí.

KÌ Í ṢE GBOGBO RẸ̀ NI IRỌ́

Kò ní dára kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo oògùn tí wọ́n polówó nígbà náà ni ayédèrú. Ní ọdún 1820 ni Pelletier àti Caventou, àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì, yọ quinine jáde láti ara èèpo igi kan tó ti ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà wá. Ní ọdún 1854, Dókítà William Balfour Baikie gba odò Ọya àti odò Bẹ́núé lọ pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Pleiad. Ó ní kí àwọn tó bá a lọ máa lo quinine, gbogbo wọn sì padà láàyè, bẹ́ẹ̀ ibà ti pa ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣáájú wọn.

Oògùn àṣírí kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Warburg's Tincture, tí àwọn arìnrìn-àjò ń lò fún ibà. Ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tẹ àṣírí rẹ̀ jáde ní ọdún 1875, quinine ni wọ́n bá láàárín ọ̀pọ̀ èròjà mìíràn. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe àṣírí ló mú kí oògùn ṣiṣẹ́. Ohun tí ènìyàn lè yẹ̀ wò, tí ó lè wọ̀n, tí ẹlòmíràn sì lè tún yẹ̀ wò, ni ẹ̀rí.

Ọ̀nà tí ìkéde ìjọba fi lè múná dóko náà ní àpẹẹrẹ tirẹ̀. Dókítà Oguntola Sapara, tí wọ́n bí ní Freetown ní ọdún 1861, kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Èkó nígbà èwe rẹ̀. Ó tún ṣiṣẹ́ nínú ilé oògùn ilé ìwòsàn ìjọba kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó padà, olóde ń pa àwọn ènìyàn, ìkéde nípa àjẹsára nìkan kò sì tó láti yí ọkàn wọn padà. Sapara wọ inú ẹgbẹ́ àwọn abọ̀rìṣà Ṣọ̀pọ̀ná ní bòókẹ́lẹ́, ó sì rí i pé ohun tí wọ́n họ lára aláìsàn ni àwọn kan fi ń tan àrùn náà káàkiri. Ìwádìí rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1907. Ó mọ èdè àwọn ènìyàn rẹ̀, ó mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù, nítorí náà ni iṣẹ́ rẹ̀ fi yọrí. Ní ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé olóde ti kúrò láyé.

LÁTI ÈKÓ ÀTIJỌ́ DÉ ÀBÚJÁ ÒNÍ

Òfin kì í sábà dé àfi lẹ́yìn tí ẹ̀mí bá ti bọ́. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí àwọn oníròyìn ti tú àṣírí àwọn gbogbonìṣe, òfin lórí oúnjẹ àti oògùn jáde ní ọdún 1906. Síbẹ̀, ní ọdún 1937, oògùn olómi kan tí wọ́n fi diethylene glycol pò pa àwọn ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, títí kan àwọn ọmọdé. Diethylene glycol jẹ́ kẹ́míkà olómi dídùn tí iléeṣẹ́ ń lò fún iṣẹ́ mìíràn. Májèlé ni, ó sì ń ba kídìnrín jẹ́. Ikú wọn ló fa òfin tó le sí i ní ọdún 1938.

Nàìjíríà náà ti tọ́ ìyà yìí wò. Ní ọdún 1990, kẹ́míkà kan náà wọ inú oògùn paracetamol olómi, ọ̀pọ̀ ọmọdé sì kú ní Ìbàdàn àti Jos. Ní ọdún 1993 ni òfin gbé Àjọ NAFDAC kalẹ̀. Ní ìparí ọdún 2008, oògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí wọ́n ń tà fún ọmọ tó ń hu eyín, tún ní kẹ́míkà náà nínú. Ìjọba kéde pé ọmọ 84 ló kú. NAFDAC ti iléeṣẹ́ náà pa, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má lò ó mọ́. Ní ọjọ́ náà, ìkéde ìjọba kì í ṣe àṣẹ lásán. Ìyá tó gbọ́ ọ ní àárọ̀ lè gba ọmọ rẹ̀ là ní ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine wọlé, nítorí pé ó ti di bárakú fún àwọn ọ̀dọ́. Codeine pẹ̀lú, inú ìdílé opium ló ti wá, bíi ti Chlorodyne. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ nípa àwọn oògùn ikọ́ olómi kan ní Gambia, tó ṣeé ṣe kí ó ní ọwọ́ nínú ikú ọmọ 66. Diethylene glycol wà lára ohun tí wọ́n bá nínú wọn.

BÍ Ó ṢE YẸ KÍ A MÁA KA ÌPOLÓWÓ OÒGÙN

Láti inú ìtàn yìí, ìbéèrè mẹ́fà wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù bi ìpolówó oògùn kí ó tó na ọwọ́ sí àpò.

1. Àìsàn mélòó ló ní òun ń wò? Oògùn tó bá wo ibà, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìrọ́mọbí àti jẹjẹrẹ pọ̀, gbogbonìṣe ni. Àrùn wọ̀nyí kò ní orísun kan náà. Òfin oúnjẹ àti oògùn Nàìjíríà ní àkójọ àwọn àrùn tí kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti polówó ìwòsàn wọn fún aráàlú.

2. Ta ló ń jẹ́rìí? Ẹni kan tó ní òun lò ó, ara òun sì yá, kò tó ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ àìsàn ló ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí oògùn náà pa kò sì lè kọ lẹ́tà wá.

3. Kí ló wà nínú rẹ̀? Oògùn tó tọ́ gbọ́dọ̀ sọ èròjà rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bà jẹ́. Bí ẹni tó ń tà á bá ní àṣírí ni, kí olùrà fi í sílẹ̀.

4. Kí ni òǹtẹ̀ ìjọba tó wà lára rẹ̀ ń sọ? Ó yẹ kí oògùn ní nọ́mbà NAFDAC. Ṣùgbọ́n kí olùrà ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára páálí. Lára ọ̀pọ̀ àgbo àti agúnmu tó ní nọ́mbà ni wọ́n ti kọ ọ́ ní lẹ́tà kéékèèké pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe wò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àjọ náà mọ̀ nípa ọjà náà, ṣùgbọ́n kò jẹ́rìí pé ó ń wo àìsàn tí wọ́n dárúkọ. Àṣìṣe tí àwọn olùrà ayé àtijọ́ ṣe nípa òǹtẹ̀ owó orí kò yẹ kí ó tún ṣẹlẹ̀ nípa nọ́mbà yìí. Àwọn ẹlẹ́tàn tilẹ̀ ń tẹ ayédèrú nọ́mbà pẹ̀lú.

5. Kí ló sọ nípa ewu? Oògùn tó bá lágbára láti wo àìsàn lágbára láti ṣe ìpalára bí wọ́n bá ṣì í lò. Ìpolówó tó bá ní oògùn òun kò léwu rárá, fún ọmọdé, fún aboyún àti fún arúgbó, ń fi ohun kan pa mọ́.

6. Ṣé ó ń dí ọ̀nà ilé ìwòsàn? Ọ̀rọ̀ tó bá ní kí aláìsàn má lọ sọ́dọ̀ dókítà mọ́, tàbí kí ó dá oògùn tí dókítà fún un dúró, ìkìlọ̀ gan-an nìyẹn.

OHUN TÓ YẸ KÍ ÀWỌN ÒBÍ MỌ̀

Eyín híhù kì í fa ibà líle, kì í sì í fa gìrì. Ọmọ ọwọ́ tí ara rẹ̀ bá gbóná gan-an, tó ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń ṣe gìrì ní àìsàn tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn, ó sì lè jẹ́ àrùn mìíràn. Bí ọmọ bá mu oògùn olómi kan, tí kò sì tọ̀ mọ́ tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dín kù gidigidi, kí àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá pẹ̀lú ìgò oògùn náà lọ́wọ́, nítorí pé ìgò náà ni yóò jẹ́ kí àwọn dókítà mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìtajà oògùn tó ní ìwé àṣẹ, tí apòògùn sì wà níbẹ̀, ni kí wọ́n ti máa ra oògùn. Kí ẹni tó bá fura sí oògùn kan má sọ ọ́ nù, kí ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tó wà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà fún ìjọba pẹ̀lú. Ìkéde tó bá pàṣẹ láì ṣàlàyé, tí ó sì wà ní èdè tí aráàlú kò gbọ́, ń fi àyè sílẹ̀ fún gbàrọgùdù ni. Ìkéde tó bá sọ orúkọ oògùn náà, tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ìpalára tó ń ṣe, ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ìgbò àti ní àwọn èdè yòókù, ni yóò dé inú ilé ìdáná àti inú ọjà.

Yorùbá ní olójú kì í là á sílẹ̀ kí tàlùbọ́ yí wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn ní Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò ní yàrá àyẹ̀wò, wọn kò ní NAFDAC, kò sì sí òfin tó pàṣẹ pé kí wọ́n kọ èròjà sára páálí. Àwọn tó ń ra oògùn lónìí ní gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n lò ó.